Èsì: "Ìwé onígbèsè" kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ "oní" yẹn kúrò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ní mi ò ní dá sí i, àmọ́ ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Gwarinpa tún tẹnu mọ́ ọn pé "ìwé onígbèsè" ni ká máa pe credit report, ìyẹn rìpọ́ọ̀tù tó ń sọ owó téèyàn ti wín àti bó ṣe san án, wọ́n tiẹ̀ ní káwọn alájẹṣẹ́kù Kubwa tẹ̀ ẹ́ síwèé báyẹn. Ara mi ò gbà á mọ́.

Kí ni "oní" ń ṣe níbẹ̀? Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀ lónìí là ń pè ní onígbèsè. Tó bá ti san án tán ńkọ́? Owó téèyàn ti san tán náà wà nínú rìpọ́ọ̀tù yẹn, wọ́n á kọ "closed" síwájú ẹ̀, ẹni tí ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ sì lè ní èyí tó dáa jù. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ dé ọ̀dọ̀ wa láyé ijọ́un, màmá mi àgbà ní wọ́n á gbé aṣọ sílẹ̀ láwìn, wọ́n á fi ẹ̀rín kí ẹ, ìgbà tọ́jọ́ bá yẹ̀ ni wọ́n tó máa lóṣòó tì ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà lo jẹ́ títí dọjọ́ yẹn!

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń ṣàkóbá. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń taṣọ ní Wuse, a ní kó lọ wo tiẹ̀, ó ní "onígbèsè bàbá ta ni?", ó bínú lọ. Ìgbà tá a pè é ní rìpọ́ọ̀tù ló tó gbà. A bá rí owó áàpù kan tó ti san tipẹ́, wọ́n ṣì kọ ọ́ pé ó ku ₦1,250, "open". Ó ti kọ̀wé ta kò ó, ó so rìsíìtì mọ́ ọn, torí òfin tí ìjọba ṣe lórí rìpọ́ọ̀tù yìí lọ́dún 2017 (Credit Reporting Act) fún un láṣẹ, òfin kan náà ló ní kéèyàn máa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kó má wo ti CRC nìkan o, kó wo ti FirstCentral àti CreditRegistry, àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí nìyẹn, torí ohun tó wà níbí lè má sí lọ́hùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n tún túmọ̀ "lost" tí wọ́n ń kọ sínú rìpọ́ọ̀tù sí "ó sọnù". Ta ló sọnù, ẹ̀gbọ́n? Ẹni tó yáwó wà ní Nyanya, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín! Tí owó bá ti ju ọjọ́ 90 lọ láìsan, báńkì á kọ "substandard" (kò dáa tó mọ́), tó bá di 180 "doubtful" (bóyá ni wọ́n á rí i gbà), tó bá di 360 "lost": wọ́n ti kà á sí àdánù nìyẹn. Ẹ kọ "àdánù", ó tán.

Ẹlòmíì ní "ìwé ìyáwó" ni ká máa pe rìpọ́ọ̀tù náà. Àwa tí a kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ta ni ò ní kà á sí ìwé ìyàwó? Ẹ tún wo "yá" fúnra ẹ̀, ọkọ́ là ń yá, àga là ń yá, torí ohun tá a gbé gan-an la máa dá padà. Owó, a ti ná an, òmíràn la máa fi san, wíwín là ń wín in. Èmi fara mọ́ "àkọsílẹ̀ owó wíwín". Ẹni tó ní "wíwín" ń rán òun létí "sínwín", òun nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe é.

Ti ẹni tó ní ará Yàgbà bíi tèmi ò lè kọ́ ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tòun ní Yorùbá, mo máa fèsì ní Sátidé. Kó tó dìgbà yẹn, kó lọ bi ìyá ẹ̀ bóyá èlùbọ́ là ń yá àbí là ń wín.