Ṣúgà ń gòkè lẹ́yìn eré àárọ̀, ó ń já lẹ́yìn ìrìn ìrọ̀lẹ́: kí ló fà á?

OlùdaríEré: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìlera. Bàbá kan wà nínú àwọn tí mò ń darí nídìí eré ìdárayá, ẹni ọdún 58, wọ́n ní àtọ̀gbẹ irú kejì. Metformin 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ àti glimepiride 2 mg láàárọ̀ ni wọ́n ń lò. Aago mẹ́fà àárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan, a máa ń sáré gun òkè lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ṣúgà wọn á kúrò ní 7.4 mmol/L (òṣùwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀), á di 9.8. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ẹ̀wẹ̀, ìrìn jẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú 45 la rìn láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó já sí 3.6. Òógùn bò wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn ò já geere mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò gbọ̀n, àyà wọn ò sì lù. Ṣebí eré ló yẹ kó máa mú ṣúgà wálẹ̀? Ṣé kí wọ́n máa gbé oògùn àárọ̀ mì kí a tó sáré ni?

Nọ́ọ̀sìÀtọ̀gbẹ: Rárá o! Glimepiride máa ń mú kí ara tú ínsúlíìnì, èròjà tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jáde yálà oúnjẹ wà nínú tàbí kò sí. Ìdí oúnjẹ àkọ́kọ́ ni a ti ń lò ó. Ẹ gbé e fún ẹni tó fẹ́ sáré lórí òfìfo ikùn, ó lè dákú.

Ní ti 9.8 yẹn, eré òkè le. Bí eré bá ti le tó bẹ́ẹ̀, ara á da adrenaline (èròjà tí ara ń tú jáde nígbà wàhálà) sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣúgà tó fi pamọ́ jáde, ju èyí tí iṣan lè jó lọ. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì, ó sábà máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi oògùn lé e kiri. 3.6 ló ń bà mí lẹ́rù. Aago mélòó ni wọ́n jẹun kẹ́yìn lọ́jọ́ náà?

OlùdaríEré: Àmàlà díẹ̀, láago mọ́kànlá àárọ̀. Wọ́n ní ọjà ò jẹ́ kí àwọn rí àyè jẹ ọ̀sán.

ApòògùnKan: Ibẹ̀ gan-an ni. Wákàtí mẹ́fà láìjẹun, glimepiride tó ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 24 sì wà lára. Ìrìn jẹ́jẹ́ kì í ru adrenaline sókè tó bẹ́ẹ̀, iṣan kàn ń fa ṣúgà mu ni. Metformin nìkan kì í sábà ṣe irú èyí.

Ọ̀rọ̀ kan tún ta sí mi létí: ọwọ́ ò gbọ̀n, àyà ò lù. Ṣé wọn ò lo atenolol tàbí propranolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru?

Nọ́ọ̀sìÀtọ̀gbẹ: Kí a tó gbọ́ ìyẹn, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbéra. Bí kò bá tó 5, kí wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ju 13.9 lọ, tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n tàbí tí wọ́n ń bì, kò sí eré lọ́jọ́ náà.

Bó bá já sísàlẹ̀ 4: síbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà nínú omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ tún fún wọn bí kò bá tíì gòkè. Kì í ṣe ẹ̀pà, kì í ṣe ṣokoléètì, ọ̀rá inú wọn máa ń dá ṣúgà dúró lọ́nà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò aláìní-ṣúgà ò wúlò rárá níbí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n jẹun gidi, nítorí glimepiride lè tún já a ní òru. Bí ẹni náà ò bá mọra mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ dojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ilé ìwòsàn.

Àdìgún: Àwọn tó ń gún ínsúlíìnì ńkọ́?

ApòògùnKan: Ikùn ni kí wọ́n gún un sí, kì í ṣe itan, bí wọ́n bá fẹ́ sáré láìpẹ́, iṣan itan tó ń ṣiṣẹ́ á fà á wọ ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Èyí tó jẹ́ àpòpọ̀ 30/70 (ínsúlíìnì tó yára àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìgò kan), kò sí bí a ṣe lè dín apá tó yára nìkan kù, nítorí náà oúnjẹ ni a ó fi tọ́jú ara. Dókítà ló ń sọ iye tí a ó dín.

Onímọ̀Láàbù: Kí wọ́n fọ ọwọ́, kí ó gbẹ, kí ẹ tó gún ìka. Omi ọsàn tàbí máńgòrò lára ìka á fi irọ́ gbé e sókè. Bí ẹ̀rọ yín bá ń ka mg/dL, ẹ fi 18 sọ mmol/L di púpọ̀: 3.6 jẹ́ 65, 9.8 jẹ́ 176. Ẹ má sì fi stríìpù tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn.

OlùdaríEré: Ẹ ṣé gan-an. Mo bi wọ́n, atenolol 50 mg ni.

ApòògùnKan: Mo fura bẹ́ẹ̀. Òun ló ń bo àyà lílù àti gbígbọ̀n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í bo òógùn. Kí wọ́n má fi ọwọ́ ara wọn dá a dúró lójijì o, ó léwu fún ọkàn. Kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà wọn, kí ẹ sì máa gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n-ṣúgà lọ sí pápá. Bí òógùn wọn bá ti ju ti àwọn tó kù lọ, ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀.