Àbúrò mi ní òun ò ṣe WAEC mọ́, torí LeBron náà ò lọ yunifásítì

Ọmọ_Adamásingbà:

Ẹ kúulé o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ní àbúrò kan, ọmọ ọdún 16, SS2 ló wà, ó ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀, tó bá ń wọ pálọ̀ wa ṣe ló máa ń tẹ orí ba bí ẹni tó fẹ́ kí ọba. Látìgbà tí tíṣà eré ìdárayá wọn ti fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ ni ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Fóònù ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́, LeBron James, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà yẹn, LeBron lónìí, LeBron lọ́la. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá kò màmá wa lójú pé òun ò ní ṣe WAEC o, pé LeBron James ò dé yunifásítì kankan, láti sẹ́kọ́ńdìrì ló ti bọ́ sí NBA tààrà, ìyẹn líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ó sì ti lówó bí ilẹ̀ bí ẹní kó tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo níbẹ̀. Màmá wa ò tíì jẹun dáadáa látìgbà yẹn.

Èmi ò mọ básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo mọ̀, Shooting Stars ni tèmi, mi ò lè bá a jiyàn. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ni mo máa sọ fún un?

Lékan_OníMẹ́ta:

Bọ̀ọ̀dá, ọmọ yẹn ò parọ́, àmọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ fún yín. Ẹ tiẹ̀ ní Shooting Stars ni tiyín, ṣé ẹ mọ̀ pé Shooting Stars ni LeBron náà ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe ti Ìbàdàn o 😂 tíìmù àwọn ọmọdé kan ni ní ìlú Akron, ní Ohio.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ torí mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. December 30, 1984 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún 16 ni Gloria ìyá ẹ̀ nígbà yẹn, bàbá ò sí ńbẹ̀ rárá. Ilé dé ilé ni wọ́n ń kó kiri, lónìí wọ́n wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, lọ́la wọ́n ti tún dé ibòmíì, débi pé nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin, ọjọ́ tó lé ní 80 ni kò dé ilé ìwé lọ́dún yẹn. Kóòṣì kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, Frank Walker lorúkọ ẹ̀, ló mú un sọ́dọ̀ ìdílé ẹ̀, ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn jí lásìkò kó sì lọ ilé ìwé, ibẹ̀ náà ló ti kọ́kọ́ di bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n mú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wọ Shooting Stars, Dru Joyce ni kóòṣì wọn, ọmọ Joyce náà wà nínú tíìmù, ọmọ kúkurú kan báyìí tó lè ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn mẹ́rin di kòríkòsùn, LeBron, Dru kékeré, Sian Cotton àti Willie McGee. Wọ́n ní ilé ìwé kan náà làwọn jọ máa lọ, gbogbo ayé sì rò pé Buchtel ni, ìyẹn ilé ìwé ìjọba tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, àmọ́ Dru kékeré rí i pé wọn ò ní jẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ torí kò ga, ló bá ní St. Vincent-St. Mary ni òun ń lọ, ilé ìwé Kátólíìkì tí òyìnbó pọ̀ sí. Ẹ gbọ́ o, àwọn mẹ́ta tó kù tẹ̀ lé e! Inú bí àwọn èèyàn wọn ládùúgbò, wọ́n pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. LeBron tó lè lọ ibi tó bá wù ú, torí ọ̀rẹ́ kúkurú ló fi lọ síbẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ wọn, ìdíje 27, wọn ò pàdánù ẹyọ kan, wọ́n gba ife ìpínlẹ̀ ní 2000. Wọ́n tún gbà á ní 2001. Ní 2002 wọ́n fìdí rẹmi nínú àṣekágbá, ìgbéraga ti wọ̀ wọ́n lára nígbà yẹn, torí oṣù kan ṣáájú ni Sports Illustrated, ìwé ìròyìn eré ìdárayá, gbé LeBron sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ọmọ ọdún 17, wọ́n pè é ní ẹni tí a yàn. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì o! Jíímù ilé ìwé wọn ò gba èrò mọ́, yunifásítì Akron ni wọ́n ti wá ń gbá bọ́ọ̀lù wọn, àwọn èèyàn ń sanwó láti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. December 2002 ni ESPN2, tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, gbé wọn jáde nígbà tí wọ́n bá Oak Hill pàdé, ilé ìwé tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, LeBron ju póìntì 31, wọ́n sì nà wọ́n 65 sí 45.

Ti Hummer ńkọ́? Ìyá ẹ̀ lọ ya owó, ó ra mọ́tò Hummer fún un nígbà tó pé ọdún 18, ni àwọn aláṣẹ eré ìdárayá bá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí. Wọn ò rí nǹkan kan mú un sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù kan fún un ní jẹ́sì méjì tí owó ẹ̀ jẹ́ $845, ìyẹn ni wọ́n fi gbá a mú, wọ́n ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù sẹ́kọ́ńdìrì mọ́. Ó lọ ilé ẹjọ́, wọ́n dín in kù sí ìdíje méjì. Ọjọ́ tó padà dé, póìntì 52 ló jù.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ wọ́n tún gba ife ìpínlẹ̀ ní 2003, ìwé ìròyìn USA Today ní àwọn ni nọ́ńbà wáńnì ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní May, Nike fún un ní bíi mílíọ̀nù 90 dọ́là, kò tíì wọ NBA o. Ní June 26, lálẹ́ tí àwọn tíìmù NBA ń yan àwọn ọmọ tuntun, Cleveland Cavaliers mú un ṣíwájú gbogbo èèyàn, Cleveland sí Akron ò jìn, bíi Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni. Ìdíje àkọ́kọ́ ní Sacramento, 25 póìntì, bọ́ọ̀lù 9 tó fi ran àwọn ẹlòmíì lọ́wọ́ láti jù sáwọ̀n, ọmọ ọdún 18! Sáà yẹn ló gba àmì ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dáa jù. Ẹ ò rí nǹkan 🔥

Kóòṣì_ÒkèÀdó:

Lékan o ṣeun, o ti sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ irú ìtàn yìí gan-an ló ń ba àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní pápá ìṣeré Liberty lórí jẹ́. Wọn kì í sọ ti ẹni tí LeBron fẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ fún àbúrò yín kó lọ wá Lenny Cooke. Ọmọ Brooklyn ni. Ní 2001, Cooke yìí ni wọ́n ń pè ní nọ́ńbà wáńnì láàárín àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní gbogbo Amẹ́ríkà, òun ni gbogbo èèyàn ń sá tẹ̀ lé, LeBron ṣì jẹ́ ọmọ kékeré tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n pàdé ní kámpù kan ní New Jersey, LeBron ju póìntì 24, Cooke ju 9, ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn ni LeBron ju bọ́ọ̀lù kan láti ibi tó jìn tó wọlé, ló bá parí ẹ̀. Ọdún kejì Cooke ní òun ń lọ NBA, kò lọ yunifásítì. Wọ́n pe orúkọ àwọn tí tíìmù yàn tán lálẹ́ ọjọ́ ìyànṣà, wọn ò pe tiẹ̀. Kò gbá bọ́ọ̀lù kan nínú NBA títí dòní.

Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó ṣe é yege o. Kevin Garnett lọ ní 1995, Kobe lọ ní 1996, àwọn yẹn ò nílò kí n ròyìn wọn. Kwame Brown náà lọ ní 2001, òun ni ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ṣe nọ́ńbà wáńnì, Michael Jordan tó ń darí tíìmù Washington nígbà yẹn ló wà nídìí ẹ̀, ó sì pẹ́ nínú NBA, àmọ́ ìdajì ohun tí wọ́n retí lọ́wọ́ ẹ̀ ò jáde.

Èyí tó wá jù níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tí àbúrò yín ń wò yẹn, wọ́n ti dí i pa. 2005 ni NBA àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ fọwọ́ sí i pé ó kéré tán kéèyàn pé ọdún 19, ọmọ Amẹ́ríkà sì gbọ́dọ̀ ti fi ọdún kan kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ti lé ní 20 ọdún báyìí. Bronny, ọmọ tí LeBron fúnra ẹ̀ bí, lọ sí yunifásítì USC fún ọdún kan kí tíìmù Lakers tó mú un ní 2024. Tí LeBron ò bá rí ọ̀nà ẹ̀yìn fún ọmọ ẹ̀, ta ni àbúrò yín?

Ẹ̀yin náà ẹ bi í léèrè: ṣé ó lè fi ọwọ́ òsì gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kó máa sáré? Torí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ yẹn, ládùúgbò yín ló ti jẹ́ òmìrán. Ní NBA, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù ló ga báyẹn.

Àǹtí_Houston:

Mo kí gbogbo yín láti Texas. Kóòṣì, ẹ ò dárúkọ tiwa! Hakeem Olajuwon ńkọ́? Ọmọ Èkó, Muslim Teachers College ló ti kàwé, gólì ló ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń gbá handball kó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ tó ń gbé bí ẹni tó ń jó yẹn, inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball ló ti kọ́ ọ. Ó dé University of Houston ní 1980, kò bá wọn gbá ìdíje kankan lọ́dún àkọ́kọ́. 1984 ni Rockets, tíìmù NBA ti Houston, mú un ṣe nọ́ńbà wáńnì, Michael Jordan sì ni nọ́ńbà kẹta lọ́dún yẹn, ẹ rò ó wò. Ife NBA tó bá Rockets gbà ní 1994 àti 1995, ìlú yìí ò gbàgbé. Tí mo bá sọ orúkọ mi fáwọn àgbàlagbà níbi iṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni bóyá ẹbí Hakeem ni mí 😄

Lékan_OníMẹ́ta:

Àǹtí, Giannis, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Gíríìsì tó di ìràwọ̀ NBA, òun náà ò lọ yunifásítì o, a ò gbọ́dọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ bàbá ẹ̀, Gíríìsì ló sọ ọ́ di Antetokounmpo. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí àwọn oníròyìn òyìnbó bá ń jà mọ́ orúkọ yẹn, orúkọ tí ìyá àgbà mi á pè láìmí.

Kóòṣì_ÒkèÀdó:

Kò lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ tíìmù àgbà ló wà ní Athens, ó ń bá àwọn àgbàlagbà gbá bọ́ọ̀lù tó bá kúrò níbi tó ti ń bá àwọn òbí ẹ̀ ta gíláàsì ojú àti aago ní òpópónà. Milwaukee mú un ní 2013, ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún. Òun náà kò bá ọ̀nà LeBron wá.

Ìyá_Bóyè:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Èmi ò mọ básíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí Lékan kọ, ìyá LeBron yẹn ni mò ń rò. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó gbé e fún ìdílé ẹlòmíì kó lè rí ibi sùn kó sì lè lọ ilé ìwé. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn gbà? Gbogbo yín ń ka póìntì 52. Kí àbúrò yín yìí ka ọjọ́ 80 tí LeBron ò lọ ilé ìwé, kó sì bi ara ẹ̀ ta ló dá a padà síbẹ̀. Òun tí màmá ẹ̀ ń jí i láàárọ̀, tó ń se ẹ̀wà fún un, ló ní òun ò lọ mọ́. Ẹ bá mi kí màmá yín o, kí wọ́n jẹun.

Ọmọ_Adamásingbà:

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Màmá ní kí n kí Ìyá Bóyè dáadáa, wọ́n ti jẹun.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un lánàá. Nígbà tí mo dé ibi Hummer ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ gbọ́, ṣé ẹ gbọ́. Mo wá dé ibi Lenny Cooke. Ó ní irọ́ ni, ó gba fóònù, ó lọ wá a fúnra ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jẹ àmàlà tán. Ó tún padà wá bi mí ti Bronny, pé ṣé LeBron gan-an ò lè bá a bẹ̀ wọ́n ni, mo ní lọ bi LeBron. Láàárọ̀ yìí mo jí, mo gbọ́ gbì, gbì, gbì lẹ́yìnkùlé, mo yọjú, òun ni, ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń sá fún un lọ sínú ewédú màmá wa. Ìwé ṣì wà lórí fìríìjì níbi tó ti wà láti oṣù tó kọjá.

Kóòṣì, tó bá fẹ́ lọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà fi bọ́ọ̀lù, ṣé wọ́n á bi í ní WAEC?

Kóòṣì_ÒkèÀdó:

Wọ́n á bi í. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, máa ń yẹ èsì sẹ́kọ́ńdìrì wò fínnífínní kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, WAEC sì wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ fún àwa. Ẹ mú un wá sí Liberty ní Sátidé, aago méje àárọ̀. Kó mú ìwé orí fìríìjì yẹn dání, mi ò ní fún un ní bọ́ọ̀lù tí mi ò bá rí i.