Àdìrẹ màmá mi ń ṣí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aránṣọ. Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá 5 ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta láti fi rán ìró àti bùbá fún màmá mi. Ẹyẹ ni wọ́n yà sí i lára, màmá sì fẹ́ràn ẹyẹ gan-an. Mo rẹ etí aṣọ náà sómi lánàá, omi náà dúdú bí aró inú ìkòkò. Ṣé kí n fi omi iyọ̀ ṣàn án kí n tó gé e?

Ọ̀rọ̀ kejì ló ń dùn mí jù. Bùbá kì í ní ojú rírán léjìká, ṣíṣẹ́ la máa ń ṣẹ́ aṣọ po, nítorí náà orí àwọn ẹyẹ ẹ̀yìn á dojú kọ ilẹ̀. Tí mo bá gé èjìká, tí mo yí ẹ̀yìn padà, ṣé kò ní bu ẹwà rẹ̀ kù? Ẹ jọ̀ọ́, Sátidé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìbí wọn.