Ṣé ẹ̀yìn olobe lè yọ òkúta inú kíndìnrín lóòótọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará ẹ jọ̀ọ́, òkúta wà ní kíndìnrín ọkọ mi, tí ìrora yẹn bá ti dé ńṣe ló máa ń ká jọ sórí ilẹ̀ tí òógùn á bò ó. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ní ká se ẹ̀yìn olobe fún un. Ṣé wọ́n ti dán an wò rí?

Ọmọ Adágbo: Wọ́n ti dán ìbátan rẹ̀ wò mà, èyí tí àwọn ará Brazil ń pè ní quebra-pedra, ìyẹn afọ́kùúta, èso tiẹ̀ náà tò sábẹ́ ewé bí ìlẹ̀kẹ̀. Ní Ítálì, wọ́n lo èèyàn 150, èsì jáde ní 2006, wọ́n ń fún àwọn kan ní gíráàmù 2 lójúmọ́ fún oṣù 3 ó kéré tán, àwọn tí òkúta wọn wà nísàlẹ̀ kíndìnrín ló jàǹfààní jù, àmọ́ ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ bá gbogbo wọn fọ́ òkúta o!

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́: Ẹ jẹ́ kó ya skáànù ná mà. Èyí tí ò bá tó mìlímítà 5 sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra ẹ̀. Tí ibà bá mú un tàbí tí ò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́, ọsibítù lóru náà o, ẹ má dúró de àgbo.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀la la máa lọ yà á.