Cameron kẹ̀? Ẹ bá mi wo orúkọ yìí kí n tó lọ síwájú akọ̀wé

Ìyá Àyọ̀, Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ tuntun wọlé lọ́sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, ọkùnrin ni, a dúpẹ́. A ti kó o jáde nílé: Dámiláre ni, Àlàó ni ìyá ọkọ mi fi ń kì í. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé Bàbá Àyọ̀ fẹ́ fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan há àárín, kí ahọ́n àwọn tíṣà má baà kọ́ lójoojúmọ́. Cameron ló mú wá. Mo bi í pé kí ló túmọ̀ sí, ó ní orúkọ òyìnbó kì í ní ìtumọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló sì yẹ kí n mọ̀ kí n tó lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Bùnmi, Glasgow
Ìyá Àyọ̀, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ọlọ́run á dá a sí. Ha, Cameron! Ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti wá, èdè Gaelic ti Scotland ni. Cam ni ohun tó wọ́, sròn ni imú. Onímú wíwọ́. Campbell tí wọ́n tún ń jẹ́ níbí, ẹnu ló wọ́ ní tirẹ̀. Ìnagijẹ ni wọ́n fi pe baba ńlá ẹnìkan láyé àtijọ́, ó di orúkọ ìdílé, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ ọmọ. Kò sẹ́ni tó rántí imú mọ́.

Ìyá Àyọ̀, Leeds
Imú wíwọ́! Ọmọ tí imú rẹ̀ gún régé bíi ti bàbá mi!

Ẹ̀gbọ́n Délé, Peckham
Ẹ má dá Bàbá Àyọ̀ lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ òyìnbó fúnra wọn ni kò mọ ohun tí orúkọ àwọn ń wí. Ìtumọ̀ wà níbẹ̀ bíi tiwa, èdè tó bí i ló ti kú tàbí tó jìnnà sí wọn. Alfred, Edward, Edith, Edmund, àwọn yẹn ni ọmọ onílẹ̀. Edward ni ẹni tó ń ṣọ́ ọrọ̀. Ìgbà tí William ará Normandy ní ilẹ̀ Faransé gba England lọ́dún 1066 ni orúkọ àwọn tó bá a wá gba òde: Robert, Richard, Henry, William fúnra rẹ̀. Ti onílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ tán. Àwọn míì wá láti inú Bíbélì, láti Róòmù àti ilẹ̀ Gíríìkì. George ni àgbẹ̀. Philip ni ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin. Cecil, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ afọ́jú ló ti wá. Barbara ni obìnrin àjèjì, a jẹ́ pé Barbara pọ̀ nínú ìyàwó wa níbí. Thomas ni ìbejì. Wọ́n á bí ọmọ kan ṣoṣo, wọ́n á sọ ọ́ ní Ìbejì! Nílé wa wọ́n á bi yín pé èkejì dà.

Ti orúkọ ìdílé ló dùn mọ́ mi jù. Iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ níbẹ̀: Smith alágbẹ̀dẹ, Fletcher ẹni tó ń ṣe ọfà, Cooper ẹni tó ń kan àgbá onígi, Thatcher ẹni tó ń fi koríko bo ilé. Walker kì í ṣe arìnrìn-àjò o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ nínú omi títí yóò fi ki.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Lọ́dún 1825 tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ọmọ Òṣogùn ní Sàró, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fún un, Samuel Crowther. Àwọn ará Wales ní ohun èlò kan bí ẹní ń wo gòjé, crwth ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń ta á ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pè ní crowther. Onígòjé! Bí Àyàn ṣe ń fi onílù hàn lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Bíṣọ́ọ̀bù wa gbé gòjé ẹni ẹlẹ́ni kiri títí ó fi lọ ní 1891, ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Herbert Macaulay, ọmọ Olaf ni ìtumọ̀ tiẹ̀, orúkọ àwọn ará Norway. Àwọn kan bọ́ tiwọn dànù: David Brown Vincent di Mojola Agbebi ní 1894.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ìtàn yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ti ìwé. Ìyá Àyọ̀, ọjọ́ 42 ni òfin fún yín ní England láti ọjọ́ tí ẹ bímọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti jẹ 35 nínú rẹ̀. Ẹ gba àpọ́ìǹtìmẹ́ǹtì lónìí. Ní ti Bùnmi ní Scotland, 21 péré ni.

Ẹ kọ orúkọ ọmọ sórí bébà kí ẹ gbé e lé akọ̀wé lọ́wọ́, ẹ má fẹnu pè é lásán. Kó tó ní kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ ka létà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò kà á. Wàrà ń ṣàn lára aṣọ mi, àwọn méjèèjì ń ké, mo kàn buwọ́ lù ú. Ilé ni mo ti rí i pé Kẹ́hìndé mi ti di Kehinda. Àtúnṣe ṣeé ṣe, àmọ́ wàhálà rẹ̀ kò kéré.

Òfin ò fi dandan lé e pé orúkọ bàbá ni kó wà nídìí. Tí ẹ bá sì yí ọkàn padà lórí orúkọ ọmọ, oṣù 12 wà lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ lè fi yí i tàbí fi òmíràn kún un.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi, Glasgow
Ohun kan tún wà, ìpè. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi níbi iṣẹ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń pe “Mẹ́nsíìsì! Mẹ́nsíìsì!” Bàbá arúgbó kan jókòó níwájú mi gan-an, ó ń wò mí, kò dáhùn. Menzies ló wà nínú fáìlì, Míngìs ni wọ́n ń pè é. Létà àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó jọ z, àwọn onítẹ̀wé bá fi z rọ́pò rẹ̀. Ti àwọn ará Ireland náà ń bẹ: Niamh ni Nííf. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní Dámiláre le, ẹ bi í bóyá ó lè pe Niamh.

Ẹ tún ṣọ́ àgékúrú. Bill ni William, Dick ni Richard, Peggy ni Margaret. Mo kọ Bob sí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ kan pé òun ni yóò jẹ́rìí mi, wọ́n ní àwọn ò ní Bob kankan. Robert ni ìwé mọ̀. Iṣẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ìyá Àyọ̀, Leeds
Bàbá Àyọ̀ ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti fi Cameron sílẹ̀. Ó ní ti Alfred ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Délé, Peckham
Ìmọ̀ràn iwin.

Ìyá Àyọ̀, Leeds
Ẹ̀gbọ́n!

Ẹ̀gbọ́n Délé, Peckham
Bó ṣe wà nìyẹn. Iwin ló gbà á nímọ̀ràn.

Ìyá Àyọ̀, Leeds
Mo ti gba àpọ́ìǹtìmẹ́ǹtì, Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́wàá. Mo ti kọ Dámiláre Àlàó sórí bébà gàdàgbà gàdàgbà. Ó ṣì ń wò mí bóyá màá fi Edward sí i.