Ẹ̀yìn dídùn àti ìjókòó: ẹ sọ tiyín

Télọ̀ Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú ilé o. Láti kékeré ni màámi ti ń pariwo mọ́ mi, "na ẹ̀yìn ẹ, àbí o fẹ́ di abuké ni?" Lásìkò Iléyá tó kọjá, aṣọ ẹbí lórí aṣọ ẹbí, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù ló di dókítà, ẹnìkan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n jáwọ́ nínú ṣúgà, òmíì ní bí mo ṣe ń tẹ̀ sórí maṣínì ni, oníbàárà mi kan tiẹ̀ gbé bẹ́líìtì ẹ̀yìn wá fún mi, mo dè é, mo jókòó gán-án bí ẹni tó ń ya páspọ́ọ̀tù, ni ìrora bá tún le sí i.

Ẹni tó ń ṣe fisió (àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ìrora ara) tí mo wá lọ bá, kò tiẹ̀ bìkítà bóyá mo tẹ̀ àbí mo nà. Ó ní ṣé mo máa ń dìde? Ó ní àwọn tó ṣèwádìí ò rí ìjókòó kan pàtó tá a lè ní òun ló ń fa ẹ̀yìn dídùn, pé ara ò kàn fẹ́ wà lójú kan ni, àti pé àìsùn, ìrònú, iṣẹ́ tó ṣàdédé pọ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń dá kún un. (Ìrònú owó síkúùlù nìkan tó ẹ̀yìn fọ́ o jàre!) Ní báyìí, tí mo bá ran apá aṣọ tán, mo ti dìde lọ lọ̀ ọ́ nìyẹn, òwú pàápàá, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń lọ rà á. Kò tíì tán, àmọ́ ó ti fúyẹ́.

Ọmọ Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́: Bàbá kan ń fín igbá ládùúgbò wa, ó ti lé ní 70, igbá á wà láàárín orúnkún, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀bẹ, ẹ̀yìn ò sì dùn wọ́n rí. Èmi tí mo ra àga olówó ńlá ni mò ń fi Robb para lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá yìí ò kì í jókòó pẹ́ o, wọ́n á dìde gbọn èérún, wọ́n á lọ bá fọkanáísà jiyàn bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó padà.

Nọ́ọ̀sì: Òótọ́ ni. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní 619 mílíọ̀nù èèyàn ni ìdí-ẹ̀yìn ń dùn lọ́dún 2020, ti ọ̀pọ̀ ló sì máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ tí ojú ara bá ń kú tipiri, tí ìtọ̀ ò ṣeé mú dúró mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ gbé àgbo sílẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.