Ọ̀rọ̀-orúkọ ni “one” ni àbí arọ́pò-orúkọ?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì dunjú, ọ̀rọ̀ kan ti tojú sú mi. Mo ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀-orúkọ àti arọ́pò-orúkọ, n kò sì fẹ́ dúró lórí àlàyé pé èkejì ń gba ipò èkíní, nítorí àlàyé yẹn kì í ranni lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Àmì tó hàn gbangba ni mo ń lò: “book” lè tẹ̀lé “the”, ó lè ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe bíi “old” níwájú, ó sì ń gba “s” bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ pé “the it” tàbí “old they”. Bákan náà, “he” a máa di “him” ní ipò àbọ̀, “book” kì í sì í yí padà.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí mo fi kan “one”. Nínú “I want the red ones”, ó kógo já nínú gbogbo àmì ọ̀rọ̀-orúkọ, síbẹ̀ a kò lè mọ ohun tó dúró fún àfi bí a bá ti dárúkọ nǹkan náà ṣáájú. Ìwé atúmọ̀-èdè tí mo yẹ̀ wò pè é ní arọ́pò-orúkọ, kò sì sọ ìdí. Mo fẹ́ kà á sí àyàfi kan ṣoṣo, àmọ́ “the others” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú irú gbólóhùn yìí, ìsọ̀rí wo ni “ones” wà, àmì wo ni ẹ sì fi mọ̀ ọ́n?